Abala Ìwé Ìṣirò

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n dá mi sílẹ̀ l'Ájàṣẹ́.
Mi ò ṣẹ́gun ẹnikẹ́ni.
Wọ́n dá bẹ́líìtì mi padà, àti fóònù tó ti kú,
wọ́n ní kí n fọwọ́ síwèé.
Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé gbogbo oṣù mọ́kàndínlógún
tí mo fi ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri,
gbèsè mi ò fojú ba oorun.

Mo dé Kétu lálẹ́, kójú má baà rí mi.
Òjò ti rọ̀. Ilẹ̀ pupa lẹ̀ mọ́ bàtà mi
bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan.
Ajá ilé wa gbó mi.
Kàfáyátù ọmọ mi na tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú:
"Ẹ káalẹ́ o. Ta lẹ̀ ń wá?"

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ya abala kan nínú ìwé ìṣirò rẹ̀.
Bíálà, tó tà mí ní alùpùpù láwìn: ọ̀kẹ́ méje.
(Àwọn jàndáámù ti gbà á, tòun ti kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́fà.
Owó ẹṣin tí mi ò gùn mọ́ ni mò ń san.)
Ẹlẹ́sùúsú ọjà Asẹ́nà: ọ̀kẹ́ mẹ́ta,
torí èmi ni mo kọ́kọ́ kó, tí mi ò sì dá mọ́.
Owó ìtanràn.
Owó lọ́yà, tó sọ Faransé fún ìṣẹ́jú mẹ́rin péré.
Owó iléèwé, ọdún méjì.
Owó pósí yèyé mi. Àbúrò mi ló san án,
kò sì sọ iye rẹ̀. Mo fi àyè sílẹ̀.

Bíálà dé kí n tó bọ́jú.
Ó pariwo, gbogbo agboolé gbọ́.
Mo dúpẹ́ nínú mi:
ariwo níbẹ̀rẹ̀, ó sì lópin.
A fẹnu kò sí ẹgbàá lọ́sẹ̀,
ó gbomi mi mu.

Ìyá Orobíyìí ni mò ń sá fún.
Ẹgbàárùn-ún rẹ̀ ni mo fi ra epo tó rán mi lẹ́wọ̀n.
Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gba ẹ̀yìnkùlé.
Lọ́jọ́ kẹrin ló pè mí:
"Ọmọ Ọdúntán, ṣé wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀
pé kéèyàn máa kọjá ilé àgbà láìkí ni?"
Ó tẹ ẹ̀bà fún mi. Kò dárúkọ owó.
Òkèlè kọ̀ọ̀kan ń ka ara rẹ̀ lọ́nà ọ̀fun mi.

Mò ń bá wọn po sìmẹ́ńtì lọ́nà Pọ́bẹ̀ báyìí,
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ lóòjọ́, bójò ò bá rọ̀.
Lálẹ́, mo mú bírò, mo fa ìlà kékeré.

Lálẹ́ àná Kàfáyátù yọjú wo abala náà.
"Baba, ìṣirò yín ò pé. Ẹ ò kọ tèmi."
Mo ní, owó iléèwé rẹ nìyẹn ńkọ́?
"Ìyẹn, ti iléèwé ni."
Ó gba bírò lọ́wọ́ mi,
ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀ pátápátá.
Kò kọ iye.