Mo Wọn Igi, N Kò Wọn Aṣọ

Àpótí méjì ni ìyá mi ní, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́:
ọ̀kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, alágádágodo, olóòórùn káfúrà,
ọ̀kan wà níwájú ààrò, kúkúrú, ìjókòó ti mú un dán.
Bó bá ní, "Gbé àpótí wá,"
ojú rẹ̀ la ó wò ká tó mọ èyí tó ń wí.

Ní Hull níbí, ilé wa kò gba méjì.
Yàrá kan, pálọ̀ kan tó ń di yàrá Ìbídàpọ̀ lálẹ́,
afẹ́fẹ́ odò Humber tí ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé láìkan ìlẹ̀kùn.
Sátidé tí n kò lọ iṣẹ́ òru, mo ká ọwọ́ aṣọ mi.

Bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ló di pákó,
èyí tí Adégòróyè fẹ́ gbé síta de ọkọ̀ ìdọ̀tí.
Mo ní, "Igi tó gbé wa sùn fún ọdún méje, òjò ni kó máa pa?"
Mo yá ayùn lọ́wọ́ Maureen, aládùúgbò wa,
ayùn ọkọ rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ní èbúté kó tó kú.
Kò bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.
Ó pè mí ní ìfẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ti ń pe gbogbo ènìyàn níbí,
àti awakọ̀ bọ́ọ̀sì, àti ológbò.

Fóòmù, ọ̀bẹ búrẹ́dì ni mo fi gé e. Ẹ má rẹ́rìn-ín.
Aṣọ, àrán aláwọ̀ ewé, kọ́tìnì ilé ẹlòmíràn rí,
pọ́n-ùn mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù àánú.
Àrán! Ká ní ìyá mi gbọ́ pé ìdí ni mo tẹ́ ẹ fún!
Mo fà á le, mo yin ìbọn onípíìnì: tá, tá, tá.
Igun ló ṣòro. Igun kò gbọ́ tagbára.
Mo rántí ewé eéran lọ́wọ́ rẹ̀,
bó ti ń ká a, tó ń ṣẹ́ ìdí rẹ̀ kí ọ̀lẹ̀lẹ̀ má baà yọ́ jáde.
Ọwọ́ mi ti ṣe é kí n tó rán an.
Igun mẹ́rin, ọ̀lẹ̀lẹ̀ mẹ́rin.

Mo gbé ìdérí lé e. Kò wọlé.
Mo wọn igi, n kò wọn aṣọ.
Adégòróyè rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.
"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú..." Mo fojú dí òwe mọ́ ọn lẹ́nu.
Píìnì mọ́kànléláàádọ́ta, ọ̀bẹ bọ́tà ni mo fi tú wọn,
mo sì ń fi sáńdípépà ha etí igi
títí Maureen fi gbá ògiri lẹ́ẹ̀mejì.
Mo dákẹ́. Mo tún ń ha á, jẹ́jẹ́, bí eku.
Ìdájí ló tó dé. Ó mí kanlẹ̀
bí àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríbi jókòó.

Bùláńkẹ́ẹ̀tì kọ́ ni mo kọ́kọ́ kó sínú rẹ̀.
Ìró méjì ni, tí àbúrò mi fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú,
ìsìnkú tí mo wò lórí fóònù níbi tí a ti ń fọ aṣọ àwọn arúgbó,
nítorí pé ìwé ìrìnnà mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba.
Ọdún méjì ni wọ́n fi wà nínú ọ̀rá.
Káfúrà kò tíì kúrò lára wọn.

Ìbídàpọ̀ jí, ó gun orí rẹ̀ tòun ti búrẹ́dì yíyan,
ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì, kò kanlẹ̀.
"Mọ́mì, kí lorúkọ èyí?"
Orúkọ ìdílé ọba kan nílẹ̀ Tọ́kì làwọn tó ń tà á ń pè é;
èmi àti wọn kò pàdé rí.
"Àpótí ni."
"Èyí tí wọ́n ń jókòó lé, àbí èyí tí wọ́n ń kó nǹkan sí?"
Mo ní, "Jókòó dáadáa.
Má sì da èérún búrẹ́dì sórí ìyá àgbà."