Oṣù Mẹ́ta Òjò

Lẹ́tà náà dé bí a ṣe ń mákì ìwé ìdánwò lọ́wọ́:
kí n fi ìsinmi oṣù mẹ́ta wá bá wọn ṣiṣẹ́
lórí sátẹ́láìtì kan tí kò ju agolo bisikíìtì lọ,
tó ń ti òkè sánmà wọn òjò.

Mo ka iye owó rẹ̀ fún ìyá mi ní Pàkátà.
Ó ní, "Ṣé á tó ra páànù?"
Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Lóru Jímọ̀ òjò gba ẹ̀yìn òkè Sóbì wọ̀lú,
ó rọ̀ títí odò Àsà fi pọ́n bí osùn.
Ẹ̀rọ wa ní ìrì lásán ni.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí ìyá mi fi pè:
"Ike kan àtààbọ̀ ní yàrá,
méjì ní pálọ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀, ìwọ ọ̀mọ̀wé."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀.
Ọ̀gá wa Abọ́lárìn, ará Òmù-Àrán,
wo ìwé mi, ó wo kọ̀mpútà, ó dákẹ́ pẹ́.
Lẹ́yìn náà ló bèèrè,
"Ike onílítà mélòó?"

Lọ́la, n ò ní kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́.
Mo ti yá àkàbà.