Ìka Mẹ́wàá Lórí Dígí

Bàbá àgbà, ìwé náà dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì,
lórí fóònù tí ojú rẹ̀ ti là bíi gìgísẹ̀.
Géètì Alàgbà Fápohùndà ni mo ń jó lọ́wọ́ ní Ìrójò.
Mo pa iná, mo ṣí ìbòjú,
mo ní kí ọmọṣẹ́ mi bá mi kà á,
torí ìmọ́lẹ̀ ṣì ń ṣeré lójú mi.
Ó kà á. Ó tún un kà.

Iléeṣẹ́ kan létí òkun, nílùú tí mi ò tíì lè pè,
ní kí n wá máa jó irin ọkọ̀ ojú omi.
Èmi, tí mo ń fẹsẹ̀ la Àdétì kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn!

Ẹ̀yin gun kẹ̀kẹ́ dé Òmù-Àrán láyé ọjọ́un,
ẹrù aṣọ lẹ́yìn, ìwé gbèsè lápò;
kò sẹ́ni tó bi yín pé ta ló pè yín.
Ẹni tó pè mí ní láti kọ̀wé sí ìjọba rẹ̀
pé òun wá irú mi nílé, òun ò rí;
ó sanwó lórí mi, wọ́n fún un ní nọ́ńbà,
nọ́ńbà yẹn ni mo wá ń jẹ́.
Wọ́n ní kí n sọ Gẹ̀ẹ́sì sétí ẹ̀rọ,
kí n ròyìn ìrìnàjò tí mi ò lè gbàgbé.
Mo sọ ti ọjọ́ tí ṣéènì kẹ̀kẹ́ yín já lọ́nà Ìbòkun,
tí ẹ gbé èmi, ẹ ti kẹ̀kẹ́, títí a fi délé.
Wọ́n fún mi ní máàkì mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án.

Ẹ wá gbọ́ èyí.
Mo gbé ìka mẹ́wàá lé dígí, ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan.
Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ nu dígí, ó fún mi ní ìpara.
Ó ní, “Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, sà.”
Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí ìlà níbẹ̀.
Ọdún mọ́kàndínlógún irin gbígbóná ti fá a lọ:
ọwọ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí
ni kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni.
Kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì,
kí n má fọwọ́ kan iná.

Ọ̀sẹ̀ méjì!
Moróhunkẹ́jì ń fi òrí pa ọwọ́ mi lálaalẹ́ bí ọwọ́ ìkókó.
Géètì Alàgbà wà ní ìlàjì, ajá àdúgbò ń gbabẹ̀ wọlé.
Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù,
mò ń wo ọmọṣẹ́ mi bó ṣe ń ba irin jẹ́.

Lóru ọjọ́ kan ni mo ka àdéhùn náà délẹ̀.
Bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀ kí ọdún mẹ́ta tó pé,
màá dá gbogbo owó wọn padà, títí kan ti ọkọ̀ òfuurufú.
Bí wọ́n bá lé mi, ọgọ́ta ọjọ́ péré
ni mo ní láti fi wá ẹlòmíì tí yóò pè mí.
Mo rẹ́rìn-ín títí Moróhunkẹ́jì fi jí.
Òṣómàáàló rèé o, Bàbá!
Ó ti ta àwìn fún mi, ó ti lóṣòó sẹ́nu ilẹ̀kùn mi,
kò ní í jókòó, kò ní í mu omi mi,
àfi tówó bá pé.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n lóṣòó,
ẹ ò kọ́ mi bí ẹni tí wọ́n lóṣòó tì ṣe ń sùn.

Mo padà lọ. Ọmọńdinrín ọwọ́ òsì,
èyí tí kò bá wọn ṣe iṣẹ́ kankan rí,
ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ dá mọ̀.
Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, tìkọ̀tìkọ̀.

Èsì ò tíì dé.
Mo sọ̀ nínú ọkọ̀ ní Ẹrẹ́jà, mo rìn dé Ìrójò,
mo tan iná, mo parí géètì.
Mo fọwọ́ lásán tọ ojú àpá rẹ̀ wò nínú òkùnkùn.
Ó ṣì gbóná.