Àmì Pupa Lọ́nà Ayétòrò

Búrẹ́dì ni Ìyá Ṣóbándé ń ṣe ní Ìbarà.
Ó ní, "Wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi lórí fóònù,
bá mi wo ohun tí wọ́n ń wí."
Ọ̀rọ̀ náà lé ní ẹgbẹ̀rún méjì;
mo ń ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì Ọ̀fadà.
Ẹni ó yìn, àwọ̀ ewé. Ẹni ó bú, pupa.
Ẹni tó kàn kọ "hẹn-ẹn", tó bá tirẹ̀ lọ,
eérú ni mo fi sàmì sí i.

Ẹ̀rọ ń bá mi kà á, àmọ́ ẹ̀rọ kò gbọ́ ẹ̀dà ọ̀rọ̀.
Ẹnìkan ní Pánṣẹ́kẹ́ ní,
"Búrẹ́dì yìí á pa mí! Mo jẹ odidi kan láì mu omi."
Ẹ̀rọ ní ìbínú ni, ó kùn ún ní pupa.
Òmíràn ní Aké ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ṣóbándé,
ìṣó tí mo bá nínú tèmi, mo ti fi kan fèrèsé."
Ẹ̀rọ ní ìyìn ni.
Mo rẹ́rìn-ín títí kí n tó pa àwọ̀ wọn dà.

Lóru ọjọ́ kẹta, mo tẹ́ àwòrán ìlú sílẹ̀,
mo to àmì kọ̀ọ̀kan sí àdúgbò rẹ̀.
Kútọ̀ tutù yọ̀yọ̀.
Pupa bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀ afárá Láfẹnwá,
ó gba Rọ́ńdà, ó tọ ọ̀nà Ayétòrò lọ
bí èèrà tó ń tẹ̀lé ṣúgà tó jò láti inú àpò.
Igbe kan náà ni gbogbo wọn ń ké:
búrẹ́dì ń run kẹrosíìnì.

Ìyẹ̀fun kọ́. Ààrò kọ́.
Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń gba ọ̀nà yẹn.
Súfíánù ló ń wà á; ó ń gbé kẹ́ẹ̀gì méjì
sábẹ́ búrẹ́dì, fún ìyàwó rẹ̀ tó ń tà á ní Rọ́ńdà,
nítorí owó oṣù rẹ̀ kì í bá ogúnjọ́.

Wọ́n ní kó máa lọ sílé lọ́jọ́ Àlàmísì.
Ìyá Ṣóbándé san owó mi pé, ó fi búrẹ́dì mẹ́rin lé e.
Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ewé ti ń hù lójú ọ̀nà Ayétòrò.
Iṣẹ́ mi yọrí.

Lálẹ́ àná, mo tún ṣí àwòrán náà,
mo wá ilé Súfíánù kàn, lẹ́yìn ibùdókọ̀.
Kò kọ nǹkan kan. Kò yìn, kò bú.
Mo gbé ọwọ́ lé àwọ̀ eérú,
mo tún gbé e kúrò.