Ògiri Jẹnẹrétọ̀

Nílé wa ní Òpópónà Káno, ní Èbúté-Mẹ́tta,
èmi àti jẹnẹrétọ̀ Bàbá Láníhùn la jọ ni ògiri kan.
Ìdí ògiri yẹn ni kẹ́ẹ̀gì ọtí mi ń gbé,
nítorí kò sí ibòmíràn:
bẹ́ẹ̀dì gba apá kan, ìwé ọmọ gba apá kejì,
òjò tó ń jò ti gba igun yòókù.

Àgbàdo tí mo rẹ, tó hù, tí mo sá, tí mo lọ̀,
tí mo sè títí agogo ṣọ́ọ̀ṣì fi lù,
mo ní láti jókòó tì í kó tutù.
Ẹni tó bá da ìwúkàrà sómi gbígbóná, òkú ló ń sin.
Ìyá mi ò ní tẹmómítà, ẹ̀yìn ọwọ́ ló fi ń wọ̀n ọ́n:
"Tó bá ti rí bí ara ọmọ tí kò ṣàìsàn, dà á sí i."

Bí iná ìjọba bá wà, ògiri á tutù,
ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ á máa hó jẹ́jẹ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lójú oorun,
adùn àgbàdo sísun, oyin díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n.
Bí iná bá lọ, Bàbá á fa okùn.
Gìrìgìrì títí di ìdájí.
Ìwúkàrà á ki eré mọ́lẹ̀,
á máa jẹun bí ọmọ tí ẹgbẹ́ ń pè níta;
ọtí á wá gba òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kọjá,
bóoru bá tún le, á ta símú bí ọ̀dà èékánná.
Fẹ̀hìntọlá tọ́ ọ wò nígbà kan, ó ní,
"Iná ò wá rárá lọ́sẹ̀ yìí, àbí?"
Bẹ́ẹ̀, Ṣùrùlérè ló ń gbé.

Nínú oṣù Ògún tó kọjá,
ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, a ò rí iná.
Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri: ó tutù bí ìdí àmù.
Mo dúpẹ́. Mi ò béèrè.

Ọtí yẹn! Àwọn tó mu ún ń lá ètè.
"Kí lo fi sí i?"
Mo ní ọwọ́ mi ni. Mo ń yan.
Ife kẹta wà lọ́wọ́ mi nígbà tí Mobọ́ládé kan ilẹ̀kùn,
ó fẹ́ yá fìláàsì tí yóò fi gbé ẹ̀kọ lọ sí Ìgbóbì.
Bàbá rẹ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, egungun itan ṣẹ́,
ọjọ́ kẹsàn-án rèé.

Ògiri kan ló là wá.

Ó ti dé báyìí, pẹ̀lú ọ̀pá. Kò lè fa okùn mọ́;
èmi ni mò ń bá a fà á ní ìrọ̀lẹ́.
Lánàá mo bu ààbọ̀ ife fún un.
Ó mu ún, ó fajú ro:
"Kí ló dé tọ́tí rẹ ń ta báyìí?"
Mo wo ògiri.
Mo ní ojú ọjọ́ ni, Bàbá.