Àga Tí A Fi Dáná

Ní Toledo, lábẹ́ ilé ìfọṣọ Odessa Tullock,
níbi tí àwa adúláwọ̀ tí ń yọ́ gíláàsì fún gbogbo ìlú
ti ń fi páálí dí fèrèsé tiwa,
àga kan wà níbi orí ìjókòó, alápá méjì.
Alága fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ tó sá lọ sókè òkun.
Fún ọdún méjì, ẹnikẹ́ni ò jókòó sí i.
À ń nu eruku rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú òkú.

Lẹ́tà Verdell dé láti ẹ̀wọ̀n.
Àwọn wọ́dà ti fi yíǹkì dúdú pa ìdajì rẹ̀ rẹ́.
Ohun tó ṣẹ́kù nìyí:
“A gba pàṣán lọ́wọ́ òyìnbó,
a gbé e kọ́ sára ògiri tiwa.
Ẹ̀yìn ta ló ń dúró dè?
Lábẹ́ Alága, mo ń tọrọ àṣẹ kí n tó rẹ́rìn-ín.
Níbí, mo ń tọrọ àṣẹ kí n tó tọ̀.
Àìlọ́ba ni mo ń wá, kì í ṣe rúgúdù.
Ẹni tí kò lọ́ba ṣì ní aládùúgbò.”

Lóru ọjọ́ náà, yìnyín rin páálí gbinrin.
Wọ́n ti gé iná wa.
Odessa ò sọ nǹkan kan. Ó gbé ayùn.
Apá òsì àga ló kọ́kọ́ bọ́.
Lemuel figbe ta: “Bí ọlọ́pàá bá kanlẹ̀kùn,
ta ni yóò dá wọn lóhùn?”
“Ẹni tó bá sún mọ́ ilẹ̀kùn jù.”

Ẹ má rò pé ayé wá dẹrùn.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun gan-an ni ẹ̀wà àwọn ọmọ iléèwé jóná:
oníkálukú rò pé ẹlòmíràn ló ń wò ó.
Ọmọ mọ́kànlélógójì jẹ búrẹ́dì lásán.
A jà. A bú ìyá ara wa.
Ààjìn bá wa lórí ta ni yóò fọ ìkòkò.
Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wojú ẹnì kan kó tó sọ̀rọ̀.

Igi kan kì í dágbó ṣe, mo gbà.
Mo ti rí igi kan tó dáná ṣe,
tó mú ènìyàn mẹ́tàdínlógún móoru títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo fèsì fún Verdell.
N kò dárúkọ àga, nítorí ojú wọ́dà.
Mo kọ ọ́ pé: ilé móoru.
Eérú rẹ̀ la fi ha ìdí ìkòkò.