Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Gbé Mì

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́jọ́ náà ní Tromsø,
oṣù Kejìlá, ìgbà tí oòrùn kì í yọ níbẹ̀ rárá,
tí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.
Ìyá mi jókòó, báàgì lórí itan,
kò bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀.
Dókítà Sigrun tẹ fóònù títí;
ògbufọ̀ tó gbọ́ Tìgrínyà kò gbé e.
Ó wò mí. Ó wo ògiri,
níbi tí wọ́n lẹ ìwé mọ́ pé
ọmọdé kò gbọdọ̀ ṣe ògbufọ̀ fún òbí.
Ó tún wò mí.
"Luwam, ṣé o lè bá mi sọ fún un?"

Mo lè sọ ọ́. Ta ló ń bá a sọ̀rọ̀ ní báńkì?
Dókítà rọra ń sọ ọ́, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn,
bí ẹni tó ń kó àwo tó ti sán.
Ẹ̀dọ̀ ni. Ó ti tàn ká.
Oògùn á dín ìrora kù,
kò lè wò ó sàn.
Oṣù mélòó kan.

"Kí ló wí?" ni ìyá mi bi mí.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.
Mo gbé tèmi mì tèèpo tèèpo.
Mo ní: "Ẹ̀dọ̀ yín ló ń dùn yín.
Wọn óò fún yín lóògùn. Ẹ máa sinmi."
Ó rẹ́rìn-ín, ó gba bírò, ó fọwọ́ síwèé:
Abrehet,
lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ bí ewúrẹ́ lórí àpáta.
Dókítà rí ẹ̀rín yẹn.
Ó yẹ kó béèrè. Kò béèrè.

Ìyá mi ń tọ́jú owó ọkọ̀ òfurufú sínú agolo bisikíìtì.
Ó ní ó di oṣù Keje, kí owó tíkẹ́ẹ̀tì wálẹ̀,
kóun tó lọ rí àbúrò òun ní Kassala,
ọdún mẹ́rìndínlógún tí wọn ò fojú kanra.
Ó ti ra bàtà fún un, aláwọ̀ ọsàn.
Oṣù Kẹrin ló kú.

Wọ́n ní ọmọdé ni mí, n ò jẹ̀bi. Mo gbọ́.
Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin yẹn, ta ló ni ín?

Lónìí, èmi ni ògbufọ̀ ilé ìwòsàn kan náà.
Lánàá, ọmọbìnrin kan fà mí lápá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀:
"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fo ọ̀rọ̀ yẹn. Bàbá mi ò ní lè gbé e."
Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Mo mọ ọwọ́ yẹn.
Dókítà bi bàbá náà, ẹnu mi ló gbà kọjá:
"Ṣé gbogbo rẹ̀ lẹ fẹ́ mọ̀, àbí díẹ̀?"
Ó ní, "Gbogbo rẹ̀."
Mo sọ gbogbo rẹ̀.
Ọmọ rẹ̀ kò wojú mi mọ́.

Bàbá náà dákẹ́ títí.
Ó tọwọ́ bàpò, ó na fóònù sí mi,
ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́:
"Ẹ bá mi wá nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n mi."